Ọjà Tí A Pè Ní Ẹ̀bùn Ní Bodè

Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ wa,
Awoyaya,
Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àṣàkẹ́,

Wá ibi jókòó kí o tó máa ka lẹ́tà yìí lọ, torí ó gùn, èmi tí mo sì ń kọ ọ́ kì í ṣe akọ̀wé. Àlàáfíà la wà. Ìyá rẹ wà nínú ilé, ó ń sinmi. Àgbọn tí à ń retí láti Àgbádárìgì kò tíì dé, gbogbo ilé iṣẹ́ sì pa rọ́rọ́. Kò sí iṣẹ́ kankan tí mo lè fi ṣe àwáwí lónìí.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá lo pè mí pé o ti ríṣẹ́ tuntun. O ní Àbújá ni, ní ọ́fíìsì tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó para pọ̀ ti ń ṣòfin òwò, àti pé fáìlì àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé síwájú rẹ ni ti òróró àti oúnjẹ tó ń kọjá bodè. O ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà máa máa lo àmì kan ṣoṣo, ọjà tí kò bá ní àmì yẹn lára kò ní kọjá mọ́. Tayọ̀tayọ̀ lo fi ń sọ ọ́. Èmi wá dáhùn pé, "Ó dáa."

O ní, "Dádì, ṣé inú yín ò dùn ni?"

Mo ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ò dáa o," mo sì pa fóònù. Kò sóhun tó ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Inú mi dùn, ọmọ mi. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Láti ìgbà tí mo ti ń se àdí àgbọn, oríṣiríṣi òfin ló ti bá mi nídìí ìkòkò, mo ti bá àwọn kan ṣeré, àwọn kan sì ti bá mi ṣeré. Èyí tó kàn báyìí, ọmọ tí mo bí ni yóò kọ ọ́. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ séèyàn, tí kò sì tètè mọ ohun tó máa sọ, kò yẹ ká bá a wí.

Ìyá rẹ ní kí n má wulẹ̀ dà ọ́ láàmú. Ó ní, "Bàbá Mojí, ẹ jẹ́ kọ́mọ gbádùn iṣẹ́ ẹ̀ ná jàre. Ṣé gbogbo nǹkan lẹ gbọ́dọ̀ sọ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni màá sọ ọ́, lẹ́yìn ìyẹn mo ti ṣe tán.

Ìkíní. Kí o tó ṣòfin fún ẹnikẹ́ni, mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Ìwọ mọ Ikate sí ibi tí ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti ń lọ jẹ ẹja yíyan létí òkun. Nígbà tí mo wà ní géńdé, iyanrìn àti igi àgbọn ló wà níbẹ̀. Àǹtí bàbá mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rin àgbọn, bí wọ́n ṣe ń fún omi rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó tòrò kí wọ́n tó gbé e ka iná. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní iṣẹ́ obìnrin ni mo lọ kọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ta ilẹ̀ tí igi àgbọn wà, wọ́n gé gbogbo rẹ̀, a kó lọ sí Ajah. Wọ́n tún kọ́ ẹ́sítéètì sí ẹ̀yìn wa ní Ajah, a kó wá sí Awoyaya. Kò sẹ́ni tó fi ipá lé wa. Ẹni tó ní ìwé ló dúró, àwa tí ẹnu la fi gba ilẹ̀ la gbẹ́rù. Mo rò pé ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n orí mi le nígbà yẹn.

Ìkejì ló ká mi lára jù, ìyá rẹ nìkan ni mo sì ti sọ ọ́ fún tán pátápátá. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí àwa aládìí bẹ̀rẹ̀ sí í tajà dé Kútọnu àti Lómè, àgbà kan wà láàárín wa tí à ń pè ní Ìyá Sàbítíù. Òun ló kọ́ wa ní ọgbọ́n bodè. A kì í kó ẹrù jọ sójú kan. A máa ń pín in sínú kẹ́ẹ̀gì kéékèèké, oníkálukú nínú ọkọ̀ a gbé tirẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀. Tí aṣọ́bodè bá béèrè, ohun kan náà ni gbogbo wa ń wí: "Ẹ̀bùn ni, sà. Ìyàwó ọmọ wa bímọ sí Kútọnu, àdí tí wọ́n máa fi pa ọmọ lára la gbé lọ." Wọ́n á wo kẹ́ẹ̀gì náà, wọ́n á rí i pé kò tó nǹkan, wọ́n á ní ká máa lọ. Àṣàkẹ́, àwọn ọmọ tí a fẹnu bí sí Kútọnu ní bodè yẹn, tí gbogbo wọn bá wà láàyè ni, wọ́n á kún ìlú kan.

Láàárín ìgbà yẹn gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí ṣòfin kan tó dáa. Wọ́n ní ọjà tí wọ́n bá fọwọ́ ṣe nínú ẹgbẹ́ náà kò ní san owó bodè, bí ẹni tó ṣe é bá ti forúkọ sílẹ̀. Kì í ṣe pé a ò gbọ́. Wọ́n kó wa jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ajah, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ṣàlàyé ẹ̀ fún wa dáadáa, wọ́n sì fún wa ní bisikíìtì àti omi inú ọ̀rá. Bí a ṣe ń jáde ni Ìyá Sàbítíù sọ pé, "Èmi tí mi ò san nǹkan kan tẹ́lẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi ìwé àìsanwó ṣe?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi gan-an ló ròkè jù. Mo jẹ bisikíìtì wọn, mo relé.

Ó pẹ́ kí ẹ̀rín náà tó kan mí lára. O rántí Àǹtí Afí, obìnrin Lómè tó ń fi ìpara irun ránṣẹ́ sí ọ nígbà tí o wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Àdí wa ló fi bẹ̀rẹ̀ ìpara yẹn, látìgbà tó ti ń pò ó nínú yàrá rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ wá gbòòrò, ó ní òun fẹ́ máa ra àdí lọ́wọ́ mi déédéé, èyí tó lè mú ìkòkò wa wà lórí iná láti ọdún dé ọdún. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìpara rẹ̀ ti di ńlá, òfin ẹgbẹ́ sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ní ìwé tó fi hàn pé Nàìjíríà ni wọ́n ti se àdí náà. Ó pè mí, ó ní, "Bàbá Mojí, pépà nìkan ló kù o. Ẹ̀yin ẹ fi pépà ránṣẹ́, èmi á fi ọkọ̀ ránṣẹ́."

Mo wọ agbádá lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé náà. Ọmọbìnrin kan ló dá mi lóhùn, kò lè ju ìwọ lọ, ó sì mọ̀wà hù. Ó ní, "Ẹ jókòó, Dádì. Láti ìgbà wo lẹ ti ń tajà sí Lómè?"

Mo ní, "Kí wọ́n tó bí yín ni."

"Ẹ̀rí ẹ̀ ńkọ́, sà? Receipt, ìwé bodè, ohunkóhun."

Mo ní kò sí.

"Kí lẹ wá máa ń sọ fún wọn ní bodè?"

Mo ní, "À ń sọ pé ẹ̀bùn ni."

Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín, kí èmi náà lè rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Dádì, mo gbà yín gbọ́ o. Ṣùgbọ́n lójú ìwé, ẹ ò tíì ta nǹkan kan jáde rí." Àánú mi ṣe é, mo rí i lójú rẹ̀, ohun tó sì dùn mí jù lọ́jọ́ náà nìyẹn. Gbogbo àárọ̀ ayé mi, gbogbo òjò tó pa mí ní bodè Sẹ̀mẹ̀, mo ti fẹnu ara mi sọ ọ́ di òfo.

Àǹtí Afí dúró dè mí, ó dúró títí, kò lè dúró mọ́. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè òwò ọ̀fẹ́, free zone tó wà ní Ibẹ̀jú, ló ti wá ń ra òróró. Òkèèrè ni òróró tiwọn ti ń fi ọkọ̀ òkun wá, wọ́n kàn ń dà á sínú ìgò níbí ni, ṣùgbọ́n ìwé wọn pé. Mi ò bá wọn jà. Bóyá dídà sínú ìgò tó láti pè ní ṣíṣe, ẹ̀yin agbẹjọ́rò lẹ mọ̀ ọ́n.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ fún ọ nìyí, kì í sì í ṣe lórí òróró nìkan. Ní ọ́fíìsì tí ò ń lọ yẹn, wọ́n máa gbé iṣẹ́ fún ọ bí ẹni pé o kàn fẹ́ bá wọn ṣe é. Ọ̀gá kan á ní, "Mojí, jọ̀ọ́ bá mi wò ó." Wò ó fún un, má ṣagídí. Ṣùgbọ́n kọ orúkọ rẹ sí i, kí o sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Má jẹ́ kí wọ́n pe làágùn rẹ ní ẹ̀bùn. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ kí wọ́n gbé ọ ga, ẹ̀rí ni wọ́n máa béèrè.

Ìkẹta. Má rò pé mo kórìíra òfin. O sọ lórí fóònù pé àmì yẹn máa gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ òróró ayédèrú, òótọ́ lo sì sọ. Ní ìgbà kan tí o wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, obìnrin kan gbé ọmọ jòjòló wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Ẹnìkan tó ń kiri ló ta àdí fún un, ó fi pa ọmọ náà lára, ara ọmọ sì bó. Ó na ike àdí náà sí mi, ó ní, "Bàbá, àdí yín rèé." Mo gbọ́ òórùn ẹ̀, mo mọ̀ pé kì í ṣe tèmi, wọ́n ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹ́ kó gbà? Ike omi tí wọ́n ti lò ni èmi náà ń rọ tèmi sí nígbà yẹn, kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ọmọ náà yá, a dúpẹ́. Ìyá rẹ̀ kò tún bá mi rajà mọ́ láéláé. Torí náà tí o bá ń kọ òfin yẹn, ti obìnrin yìí ni kí o kọ́kọ́ rò. Tèmi lè tẹ̀ lé e.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Ìyá Ṣẹ́gun, tí àwa pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ láti Ajah. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, o mọ̀ pé wọn kì í wọ bàtà sí sùtánà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti ilé àdúrà wá síbi iṣẹ́ tààrà, sùtánà lọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán, ó ń rugi sídìí ìkòkò kó tó lọ pààrọ̀ aṣọ. Àsìkò yẹn gan-an ni olùyẹ̀wò tí ìjọba rán wọlé.

Ó ní, "Mama, where your boot?"

Ìyá Ṣẹ́gun ní, "Aṣọ Olúwa ló wà lọ́rùn mi, bùrọ̀dá. Wọn kì í wọ bàtà sí i."

"Then make you comot am now. Hot oil no know prayer."

"Olúwa tó ń ṣọ́ mi mọ hot oil."

Àwọn méjèèjì jàre, Mojí, èmi ni mi ò mọ ẹni tí màá gbè lẹ́yìn. Ọkùnrin náà lè ti ilé iṣẹ́ wa pa lọ́jọ́ náà, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fa àga, ó jókòó, ó ní òun máa dúró. Ìyá Ṣẹ́gun relé, ó pààrọ̀ aṣọ, ó wọ bàtà rọ́bà dé, wọ́n sì jọ parí ìyẹ̀wò náà tẹ̀ríntẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà, kò tún wọ sùtánà wọ ibi ìdáná mọ́. Òfin kò yẹ̀, ó kàn ní sùúrù díẹ̀ ni. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kó wà nínú ohun tí ẹ máa kọ. Ẹ fún àwọn èèyàn láyè láti lọ wọ bàtà.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Jẹ́ ká pè é ní ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún. Ìyá rẹ ti jí, ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o ra kúbùsù tó nípọn, torí ọyẹ́ Àbújá kì í ṣeré. Ó tún ní kí n fi ọ̀rọ̀ ọkọ kún un. Mo ti fi kún un.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n gbé bírò gan-an. Lẹ́yìn tí mo pa fóònù mọ́ ọ lẹ́nu lọ́jọ́ Àìkú, o fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Dádì, ẹ má worry. Màá rí i pé tiyín kọjá ṣáájú." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ bẹ́ẹ̀. Mo kà á, omi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí.

Má ṣe é, Mojísọ́lá. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é.

A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i pé o mú bàbá rẹ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, iṣẹ́ rẹ lọ nìyẹn, ilé iṣẹ́ mi náà lọ. Orúkọ tó bá sì bàjẹ́ ní irú ibẹ̀ yẹn, gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà ló máa gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí o bá débẹ̀, lọ bá ọ̀gá rẹ, kí o sọ pé, "Bàbá mi ń se àdí àgbọn ní Awoyaya, kò sì tíì ní ìwé." Tí wọ́n bá gba fáìlì náà kúrò lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kí wọ́n gbà á.

Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ọ, béèrè ohun kan lọ́wọ́ wọn ní gbangba: ṣé ẹ̀rí ẹnu ẹni tó rajà kò lè dúró fún ẹni tí kò ní ìwé? Àǹtí Afí ṣì wà láàyè, ó sì lè sọ ẹni tí òun ń ra àdí lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe torí tèmi nìkan. Láti etí òkun wa yìí títí dé Àkrá, àwọn obìnrin wà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀bùn ni ọjà wọn títí dòní, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ara wọn. Ẹ sọ fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Tí àwọn ọ̀gá rẹ bá kọ̀, má bá wọn jà débi tí wọ́n máa lé ọ. Tí fáìlì bá sì kúrò lọ́wọ́ rẹ, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi yìí lè má dé ibì kankan. Mo ti rò ó, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé òfin náà á dáa, pé á gba ọmọ ọlọ́mọ là, síbẹ̀ kí ilé iṣẹ́ wa bọ́ sí apá tí ilẹ̀kùn ti. Mo ti bá Ìyá Ṣẹ́gun àtàwọn yòókù sọ̀rọ̀. A ó máa tà á ní Awoyaya àti Ajah níbí, bí kò bá tó, a ó pa iná. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ní kí o fọwọ́ sí i, fọwọ́ sí i.

Màá bínú. Mi ò ní purọ́ fún ọ, o mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Mi ò ní lè sọ̀rọ̀ tó dáa fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ìyá rẹ á sì máa jẹ ìyà ẹ̀. Torí náà má wá sílé lọ́sẹ̀ yẹn. Wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Tí o bá wọlé, kúnlẹ̀ kí mi bí ọmọ ṣe ń kí bàbá rẹ̀. Má kúnlẹ̀ bẹ̀ mí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.